Apá Òsì Ló Gùn Jù

Iṣẹ́ bọ́ọ̀sì wíwà ni mo fi jẹun ní Lọ́ńdọ̀nù, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ẹ má baà rò pé ọ̀mọ̀ràn bàlúù ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Lójú tèmi, kí ọkọ̀ dúró níbi tó yẹ kó dúró, kí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí, kó gbé èèyàn délé ní àlàáfíà, ó parí. Ẹni tó bá ní kí n wo ọkọ̀ kí n sọ pé ó rẹwà, màá bi í bóyá ara rẹ̀ yá. Ìyàwó mi ló fẹ́ràn bàlúù. Kì í sì í ṣe gbogbo bàlúù o. Ti àwọn ará Ítálì nìkan ni, àwọn àtijọ́ tí kò sí lójú ọ̀run mọ́, àti ẹyọ kan tó ṣì ń fò.

Télọ̀ ni. Ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ti kọ́ṣẹ́ ní Mushin, nítorí ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ọ dàgbà nígbà tí ìyá wọn kú. Nígbà tí a dé Peckham, ó gba igun kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ta ìpara ní Rye Lane, ó gbé máṣíìnì rẹ̀ síbẹ̀, ó ń rán abàyà fún àwọn ìyá mọ́sáláṣí wa, ó ń bá àwọn òyìnbó gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò kúrú. Ibẹ̀ ni bàbá arúgbó ará Ítálì kan láti Forest Hill ti gbé kóòtù wá bá a. Èjìká bàbá náà kan lọ sílẹ̀ ju èkejì lọ. Gbogbo télọ̀ tó ti rán nǹkan fún un ló ń gé kóòtù rẹ̀ dọ́gba, kóòtù á sì máa wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan lára rẹ̀. Ìyàwó mi wọ̀n ọ́n, ó gé ẹ̀gbẹ́ kan gùn ju èkejì lọ. Nígbà tí bàbá wọ̀ ọ́ níwájú dígí, kóòtù náà jókòó lára rẹ̀ gbọọrọ. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Ó ní bí wọ́n ṣe gé bàlúù kan ní ìlú òun nìyẹn.

Ó padà wá pẹ̀lú ìwé àwòrán ńlá kan, ó ṣí i lórí tábìlì ìgéṣọ, ó fi bàlúù náà hàn án. Ó ní nígbà ogun, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára débi pé bí abẹ̀bẹ̀ iwájú bá ti ń yí, gbogbo ara bàlúù á fẹ́ dà sí òsì. Àwọn tó ṣe é wá mú apá òsì gùn díẹ̀ ju ọ̀tún lọ, kí afẹ́fẹ́ lè gbé òsì dáadáa, kí ohun gbogbo sì lọ tààrà. Kò gùn jù ú lọ ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ tí a nà. Ẹni tí wọn kò bá sọ fún, kò lè fojú rí i.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ìyàwó mi wọlé, kò bọ́ ìborùn, kò bi mí bóyá mo ti jẹun.

"Dádì, ẹ wá wo nǹkan," ó ní. "Wọ́n gé e bí aṣọ."

"Kí ni wọ́n gé bí aṣọ?"

"Bàlúù."

Mo wo àwòrán náà. Mo ní wọ́n ṣì í gé ni, wọ́n wá ń fi gírámà bò ó mọ́lẹ̀. Ó ní, "Ìka ọwọ́ yín ò dọ́gba, ẹ sì ń fi jẹun." Ó mú ìwé rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ mi.

Bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Bàbá Forest Hill fi ìwé náà sílẹ̀ fún un nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí ìlú òkèèrè, ìyàwó mi sì ń kà á bí ẹni tó fẹ́ ṣe ìdánwò. Èdè Ítálì ni wọ́n fi kọ ọ́, kò gbọ́ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀. Àwòrán ló ń kà. Bí mo bá ti dé láti ibi iṣẹ́ báyìí, tí ẹsẹ̀ ń ro mí, á gbé abọ́ síwájú mi, á ṣí ìwé sí ẹ̀gbẹ́ abọ́. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kó apá mẹ́sàn-án lé lórí, ìsàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ọkọ̀ ojú omi, òkè rẹ̀ dà bí ilé tí wọn kò tíì kàn pákó rẹ̀ tán. Ó gbéra díẹ̀ lórí adágún, ó sì já lulẹ̀ sínú omi. Ìyàwó mi ní ẹni tó rán ìyẹn kò mọ ìgbà tó yẹ kó ju abẹ́rẹ́ sílẹ̀. Òmíràn rí bí àgbá epo tí wọ́n lù ní ihò já. Òmíràn jẹ́ abuké, ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló ní, ọ̀kan wà ní imú rẹ̀ gan-an. Ó ní abuké yẹn, aṣọ tó bá a mu ni wọ́n rán fún un, wọn kò díbọ́n pé kò ní iké.

Ṣùgbọ́n èyí tó máa ń wò pẹ́ jù ni pupa kan tó ń bà lé omi. Abẹ̀bẹ̀ méjì ló wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan lẹ́yìn ọ̀kan, èkínní ń yí sọ́tùn-ún, èkejì ń yí sósì, kí wọ́n má baà da ara wọn láàmú. Ara rẹ̀ gùn tẹ́ẹ́rẹ́ láti imú dé ìdí láìsí ibi tí ojú ti lè kọsẹ̀. Ìyàwó mi á fi ìka tọ ìlà rẹ̀ lórí ìwé. "Ẹ wo ọrùn rẹ̀," á ní. Mo máa ń sọ pé bàlúù kò lọ́rùn. Lónìí, kí n tún gbọ́ kó sọ pé kí n wo ọrùn bàlúù, kò sí ohun tí mi ò ní fi sílẹ̀.

Ẹyọ tó ṣì ń fò ńkọ́? Bàlúù kékeré àwọn olówó ni. Ẹ̀yìn ni abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wà, ó ń ti ara rẹ̀ lọ, ó sì ní apá kéékèèké méjì ní imú bí irunmú ọ̀gá ọlọ́pàá. Ìró rẹ̀ yàtọ̀. Nígbà mìíràn ó máa ń kọjá lórí ẹ̀sítéètì wa, tó ń lọ sí pápá bàlúù kékeré tó wà ní apá gúúsù, ìyàwó mi á sì sáré jáde sí bákónì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ lẹ́nu. Ẹ̀rù máa ń bà mí pé ọjọ́ kan ni yóò gbé abẹ́rẹ́ mì nítorí ará Ítálì.

Ọmọbìnrin wa kan ṣoṣo, tí a bí síbí, tó wà ní yunifásítì nígbà náà, ló bi í ní ìbéèrè kan lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Mummy, you know say àwọn bàlúù yìí ni wọ́n fi ju gáàsì lé àwọn ará Ethiopia lórí? Black people bíi tiwa. Báwo lẹ ṣe lè máa sọ pé it's beautiful?"

Ìyàwó mi gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí máṣíìnì kejì tó ní nílé. Ó ní òun mọ̀, bàbá Forest Hill sọ fún òun, ojú sì ti bàbá náà bó ṣe ń sọ ọ́. "Ní Mushin," ó ní, "mo rán agbádá fún ọkùnrin kan tó máa ń lu ìyàwó rẹ̀. Agbádá náà bá a mu. Títí dòní, bí mo bá rántí bó ṣe bá a mu, ó máa ń dùn mí." Ìyàwó mi kò sọ fún ọmọ náà pé ìbéèrè náà ti tán.

Ìgbà tí jẹjẹrẹ mú un ló sọ pé òun fẹ́ ṣe ọ̀kan. Kì í ṣe èyí tí wọ́n ń kó sínú páálí tí ọmọdé lè tò pọ̀. Ó ní òun máa gé e fúnra òun, bàlúù alápá-òsì-gígùn, kó tóbi tó kí èèyàn fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, kó ní rọ́bà nínú tí èèyàn lè lọ́, kí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ lè yí, kó sì fò. Ó fẹ́ rí i kó fò lẹ́ẹ̀kan. Ó sọ ọ́ báyìí: "Ẹ̀ẹ̀kan péré, Dádì, ní Peckham Rye, kó lọ tààrà." Àwọn dókítà ti bá wa sọ̀rọ̀ nígbà náà, a sì ti mọ̀ pé àkókò díẹ̀ ló kù. Ẹlòmíràn á ní òun fẹ́ lọ sí Mẹ́kà. A ti lọ, Ọlọ́run gbà á. Bàlúù ló kù.

Mo ra pákó fífúyẹ́ kan fún un, irú èyí tí èèyàn lè fi èékánná gé. Ó ya bátánì sórí bébà ìgéṣọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó fẹ́ gé bùbá, ó sì fi téèpù wọn apá òsì, ó wọn ọ̀tún, ó fi ìwọ̀n ìka mélòó kan mú òsì gùn ju ọ̀tún lọ. Ó to àwọn egungun apá náà ní ìkọ̀ọ̀kan. Aṣọ tó máa bò ó ló wá kù. Ó fẹ́ kí àwọ̀ rẹ̀ rí bí ti inú ìwé: àwọ̀ yanrìn, pẹ̀lú òrùka aláwọ̀ ewé káàkiri lára rẹ̀, bí èéfín tó ń jáde lẹ́nu amusìgá. Ó wọ gbogbo ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Rye Lane, kò rí. Ó wá ṣí àpótí rẹ̀, ó mú ìborùn sílíìkì tí mo rà fún un lọ́dún tí a bí ọmọ wa. Àwọ̀ yanrìn ni, àmì róbótó aláwọ̀ ewé sì kún ara rẹ̀. Mo ní, "Ìborùn mi rèé o." Ó ní, "Tiyín kẹ̀? Ta ló ń wé e?" Ó ki sísọ́ọ̀sì bọ̀ ọ́.

Oògùn tí wọ́n ń fún un pa ọwọ́ rẹ̀. Orí ìka ló kọ́kọ́ kú, kò mọ abẹ́rẹ́ lára mọ́, ó máa ń wo ọwọ́ kó tó mọ̀ bóyá òun mú nǹkan dání. Ní àsìkò yẹn ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá bá wa gbé. Kennington ló ń gbé láti ọjọ́ pípẹ́. Ó gbé máṣíìnì ti ara rẹ̀ dání wá, ó tẹ́ ẹní rẹ̀ sí yàrá ọmọ wa, kò sì béèrè lọ́wọ́ mi. Mo fẹ́ràn obìnrin náà, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀. Ìyá tó tọ́ ìyàwó ẹni kò ṣeé bá ṣàwàdà. Ní Mushin, wọ́n sọ fún mi pé bí ó bá rí ìṣẹ́tí tó yẹ̀ díẹ̀, á tú gbogbo aṣọ náà, ìbáà jẹ́ pé oníbàárà wà lẹ́nu ọ̀nà tó ń dúró. Kò sí aṣọ tó wọ́ tó tí ì jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ rí. Gbogbo àjákù aṣọ ló sì ń kó pamọ́ sínú àpò kan, nítorí ó ní télọ̀ tó bá ń da àjákù nù, ọjọ́ kan ni yóò wá a.

Ìyàwó mi bo bàlúù náà tán pẹ̀lú ọwọ́ tó ti kú. Mi ò mọ bó ṣe ṣe é. Ó ń fi ojú rán an, kì í ṣe ọwọ́. Nígbà tó parí, ó lọ́ rọ́bà rẹ̀ díẹ̀, ó tú u sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì wa láti ìgbèrí dé ìdí ẹsẹ̀. Ó lọ tààrà, ó bà lé orí tìmùtìmù. A pariwo bí ọmọdé. Lẹ́yìn náà ló pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní, "Àǹtí mi, ẹ bá mi wo gbogbo ojú rírán rẹ̀, ọwọ́ mi ò dá mi lójú mọ́. Ibi tó bá kù, ẹ bá mi dí i." Èmi àti òun wá lọ sí ọsibítù fún àpọ́íńtìmẹ́ǹtì ọ̀sán, a fi ẹ̀gbọ́n sílẹ̀ sílé pẹ̀lú bàlúù lórí máṣíìnì.

Nígbà tí a dé, ó ti parí. Ẹ̀gbọ́n ní òun ti wò ó, ibi tó ṣí díẹ̀ òun ti dí i, ó ti dára. Ìyàwó mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ pa bàlúù náà lára, ó sì lọ sùn. Ó rẹ̀ ẹ́ gan-an lọ́jọ́ náà.

Ọjọ́ tí a lọ sí Peckham Rye, oòrùn yọ, kò sì sí atẹ́gùn rárá. Mo rántí dáadáa pé kò sí atẹ́gùn. Ọmọ wa ti ìyá rẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ aláìsàn, ẹ̀gbọ́n gbé bàlúù sí àyà bí ìkókó, èmi gbé fúláàsì tíì. A yan ibi tí àwọn ajá kò pọ̀ sí. Ìyàwó mi ní òun kò ní jókòó tú u. A gbé e dìde, èmi lápá kan, ẹ̀gbọ́n lápá kejì. Ọmọ wa bá a lọ́ rọ́bà náà títí ó fi le gan, ó gbé e lé e lọ́wọ́, ó sì gbé fóònù rẹ̀ sókè láti yà á.

"Mummy, whenever you're ready."

Ìyàwó mi ní "Bismillah," ó sì tú u sílẹ̀.

Ó gbéra. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé ó gbéra. Ó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó ròkè dé ìwọ̀n orí mi, sílíìkì náà ń tàn nínú oòrùn. Lẹ́yìn náà apá òsì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí oorun ń kùn. Ó dà sí òsì, ó yípo, ó fi imú kọlu koríko, mo sì gbọ́ ìró pákó tó kán. Gbogbo rẹ̀ kò gba àkókò tí èèyàn fi ń sín.

Ọmọ wa sáré lọ gbé e wá. Apá kan ti ya kúrò lára rẹ̀, abẹ̀bẹ̀ ti kán. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́kún. Ìyàwó mi ti jókòó padà, ó gba bàlúù náà sórí itan. Téèpù rẹ̀ wà lọ́rùn rẹ̀, kò jáde láìsí i rí. Ó nà án lé apá tó ya, ó nà án lé èkejì. Ó tún wọn ti àkọ́kọ́. Ojú rẹ̀ kò yí padà. Ó ká téèpù náà rọra, ó fi sínú pọ́ọ̀sì rẹ̀, ó gbé ojú sókè wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ ni, Àǹtí mi," ó ní. "Ẹ má sunkún. Afẹ́fẹ́ ló gbá a."

Mo wo àwọn igi. Ewé kan kò mì. Inú bí mi sí i pé ó ń parọ́ lójú mi, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀. Mo da tíì fún gbogbo wọn, a mu ún níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì ni mo mọ̀. Ẹ̀gbọ́n jáde lọ ra ẹja, mo sì ń wá àkísà tí mo máa fi nu ilẹ̀ tí oògùn dà sí. Mo ki ọwọ́ bọ àpò àjákù rẹ̀. Ohun tí mo fà jáde jẹ́ ègé kékeré kan, pákó fífúyẹ́ nínú, ìborùn sílíìkì mi lára, gé rẹ́gírẹ́gí lójú méjèèjì. Ìbú rẹ̀ jẹ́ ìka bíi mélòó kan. Mo dúró lójú kan. Ẹ̀gbọ́n ti gé e kúrò ní àárín apá òsì, ó gbé ìkángun rẹ̀ padà, ó lẹ̀ ẹ́, ó sì rán ojú rẹ̀ pọ̀ débi pé kò sí ojú tó lè rí i. Kò sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é mọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Mo gbé e lọ bá ìyàwó mi lórí bẹ́ẹ̀dì. Mo ní, "Wò ó. Wo ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ ṣe fún ẹ." Mo sọ àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn tí mi ò ní kọ síbí. Ó gba ègé náà, ó gbé e wò.

"Mo ti mọ̀ láti àná," ó ní.

"O wá ní afẹ́fẹ́ ni?"

"Dádì, ẹ jókòó. Àǹtí mi kò mọ̀ pé ó yẹ kó gùn. Mi ò sọ fún wọn. Wọ́n rí i pé ó gùn, wọ́n rò pé ọwọ́ mi ni." Ó gbé àwọn ìka rẹ̀ sókè, àwọn ìka dúdú tí oògùn ti jẹ. "Wọ́n rò pé mi ò lè gé nǹkan dọ́gba mọ́. Wọ́n wá gé e kí n má baà mọ̀."

Mo ní ó ṣeé tún ṣe. Mo ní ègé rèé, mo lè lẹ̀ ẹ́ padà, ká padà lọ sí pápá kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Mo ń bẹ̀ ẹ́ ni. Mo fẹ́ kó rí i kó lọ tààrà ju bí òun gan-an ṣe fẹ́ ẹ lọ, mo rò bẹ́ẹ̀ nígbà yẹn.

Ó mi orí. "Bí ẹ bá lẹ̀ ẹ́, wọ́n á rí i. Wọ́n á béèrè. Ẹ mọ̀ wọ́n, kò sí ohun tí ojú wọn kì í rí. Èmi ń lọ, Dádì, àwọn ló máa kù. Ẹ fẹ́ kí wọ́n máa gbé inú ilé wọn ní Kennington kí wọ́n máa rò pé àwọn ni wọ́n gé bàlúù àbúrò wọn já?" Ó da ègé náà padà sí àtẹ́lẹwọ́ mi, ó pa ìka mi dé lé e. "Ẹ má sọ fún Àǹtí mi. Ẹ ṣèlérí." Mo ṣèlérí. Mo sunkún bí mo ṣe ń ṣe é, ó sì ń fi ọwọ́ tí kò mọ nǹkan lára nu ojú mi.

Kò tún jáde nílé mọ́. Àárọ̀ ọjọ́ Jímọ̀ kan ló kú, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ka Yásìn létí rẹ̀, èmi di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. A sin ín kí oòrùn ọjọ́ kejì tó wọ̀. Àwọn ìyá mọ́sáláṣí wẹ̀ ẹ́, ẹ̀gbọ́n ló gé aṣọ funfun náà. Wọ́n sọ fún mi pé ó gé e láìlo téèpù, gbogbo rẹ̀ sì dọ́gba.

Mi ò mọ ohun tí àwọn ọkùnrin mìíràn ń ṣe ní irú ọ̀sẹ̀ yẹn. Èmi ń jókòó sí bákónì. Bàlúù tó fẹ́ràn yẹn kọjá lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ní irunmú, mo gbọ́ ìró rẹ̀ kí n tó rí i, mo sì yíjú sẹ́yìn láti pe ìyàwó mi wá. Mo ti la ẹnu. Orúkọ rẹ̀ ti dé ahọ́n mi kí n tó rántí. Gbogbo ọkàn mi já lulẹ̀ níbẹ̀, kò sì tíì padà sípò títí tí mo fi ń kọ èyí.

Ẹ̀gbọ́n ní tirẹ̀, yàrá ló tì mọ́ra. A ń gbọ́ máṣíìnì rẹ̀, lẹ́yìn náà a kì í gbọ́ nǹkan kan. A rò pé aṣọ fídáù ló ń rán.

Ní ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà, tí àwọn àlùfáà ti jẹun tí wọ́n ti lọ, tí àwọn ìyá ń palẹ̀ abọ́ mọ́ ní kíṣìnnì, ó jáde pẹ̀lú bàlúù náà. Ó ti tún un ṣe. Apá tó ya ti padà sípò, abẹ̀bẹ̀ tuntun ti wà ní imú rẹ̀, ibi tí àwọ̀ koríko ti lẹ̀ mọ́ sílíìkì náà ni ó ti fọ̀ tó sì ti lọ̀. Ó gun àga, kò jẹ́ kí ọmọ wa dì í mú, ó fi okùn so ó rọ̀ mọ́ àjà, lókè máṣíìnì àbúrò rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó láti ọ̀kánkán, ó tún un yí díẹ̀ kó lè kojú sí fèrèsé. Lẹ́yìn náà ó wá jókòó tì mí lórí tìmùtìmù, ó fa ìborùn rẹ̀ wájú, ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí ọmọ wa má baà gbọ́.

"Bàbá ọmọ wa," ó ní, "nǹkan kan wà tí mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ má bínú sí mi. Ọwọ́ rẹ̀ ti kọ̀ ọ́ nígbà tó ṣe nǹkan yìí. Ọmọ tí mo kọ́ ní sísọ́ọ̀sì láti kékeré, ó gé apá kan gùn ju èkejì lọ, kò mọ̀. Nígbà tí mo rí i, mo sunkún títí ẹ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ dé. Mo ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mo bá a gé e. Mi ò sọ fún un. Ìyẹn nìkan ló ń tù mí nínú, pé ó lọ láìmọ̀ pé òun ṣi apá kan gé. Àbí ó mọ̀? Ó sọ nǹkan kan fún yín bí?"

Ègé náà wà nínú àpò agbádá mi. Kò kúrò lára mi láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti fi í sí mi lọ́wọ́. Mo fi àtàǹpàkò pa á lára nínú àpò níbẹ̀, ó rọ̀, ìborùn tèmi ni. Ìbínú tí mo ti ń gbé kiri láti ọjọ́ náà ṣì wà níbẹ̀. Mo gbójú sókè. Bàlúù rẹ̀ ń mì rọra lórí okùn, apá òsì àti apá ọ̀tún dọ́gba rẹ́gí, kò sì lè fò mọ́ láéláé.

"Rárá, Àǹtí," mo ní. "Kò mọ̀. Inú rẹ̀ dùn sí i títí ó fi lọ."

Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní "Alhamdulillah," ó sì dìde láti lọ bá àwọn ìyá fọ abọ́.